Awakọ̀ Tí Màmá Pa

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Mo mọ̀ pé tí lẹ́tà yìí bá dé, ẹ máa fi sábẹ́ sísọ́ọ̀sì kó má baà fò lọ, ẹ máa parí ohun tí ẹ̀ ń rán, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kíákíá lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá ńkọ́? Ṣé eruku pákó ò tíì jẹ́ kí ikọ́ yẹn fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ bá mi kí Àǹtí, ẹ sì sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín pé mo ń rántí gbogbo wọn.

Ẹ ní kí n máa pè lórí fóònù dípò kí n máa kọ̀wé bí ará àtijọ́. Màmá, tí mo bá pè, orí tábìlì ìgéṣọ lẹ máa ń gbé fóònù sí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì máa bá mi sọ̀rọ̀. Oníbàárà tó wá wọ aṣọ wò lọ́jọ́sí ló bi mí bóyá mo ti sanra. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Mo ṣì wà nílé ìfọṣọ. Aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn là ń fọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù ńlá yẹn sì ti sọ ojú mi di ti ẹni tó sùn jù. Ẹni méjì ló ń ká aṣọ ìbùsùn. Ìwọ á di igun méjì mú, ẹnì kejì á di méjì mú, ẹ ó wá rìn pàdé ara yín. Ẹni tí a jọ ń ká a tẹ́lẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì tíì mú ẹlòmíràn wá, ni ẹni tó ń fi mọ́tò kó aṣọ ìdọ̀tí wá bá ń dúró ràn mí lọ́wọ́. Awakọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ó máa ń kọrin tí kò mọ̀ délẹ̀, bó bá sì dé ibi tí kò mọ̀, á fi ìfé dí i.

Màmá, ọkàn mi ti lọ. Ó ti lọ pátápátá. Mo rò pé lẹ́yìn Mẹkáníìkì, ó máa pẹ́ kí irú ẹ̀ tó tún ṣe mí. Ẹ rántí bí mo ṣe sunkún nígbà tí ìrìn àjò mi kù díẹ̀, tó ní òun ò lè máa fẹ́ ẹni tó wà nínú fóònù, títí ẹ fi ní kí n má fi omijé ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ rán ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ṣòkòtò kan fún Awakọ̀, torí gbogbo aṣọ tó ń rà níbí ló ń fún un lápá. Èjìká, ínṣì méjìdínlógún. Apá, mẹ́rìnlélógún. Gígùn ṣẹ́ẹ̀tì, ọgbọ̀n. Gígùn ṣòkòtò, mẹ́tàlélógójì. Ìbàdí, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ fojú wo ìyókù. Ọ̀rọ̀ kù tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kó ara mi jọ ná.

Ọmọ yín,
Ọ̀gá Kékeré


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Ọ̀gá Kékeré mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mi ò fi lẹ́tà rẹ sábẹ́ nǹkan kan. Ìdúró ni mo ti kà á, ariwo tí mo pa sì mú kí ọmọṣẹ́ mi kan fi abẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀.

Ìwọ ọmọ yìí! Bí mo ṣe rí i pé orí èjìká lo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ: obìnrin, àyà la ti ń bẹ̀rẹ̀; ọkùnrin, èjìká. O ò gbàgbé iṣẹ́. Ó tún wá ga, ó ń wa mọ́tò, èjìká ẹ̀ sì gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́! Ọjọ́ tí Mẹkáníìkì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó béèrè rẹ, mo ní ọkọ̀ ti gbéra. Ó tẹrí ba lọ.

Mo ti sọ fún bàbá rẹ. O mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ilé iṣẹ́ kafíńtà ti gbọ́. Bàbá Àna ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ báyìí. Ó ń ṣe bí ẹni pé ó ń bínú sí i, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín sínú ife omi ẹ̀. Àǹtí rẹ pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún àwọn tí kò bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ bá ọ rò. Kí ló dé tí o fi ń sọ ọ́ ní ìdákúdàá fún èmi ìyá rẹ? Fọ́tò dà? Ọ̀rọ̀ tó kù tí o ní o máa sọ, kí ni? Ṣé ó ti níyàwó ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ o. Tó bá ti níyàwó, tètè sọ, kí n lè mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá rẹ.

Aṣọ náà wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Mo dá a sí èjìká dáadáa, bọ́tìnnì ẹ̀ sì lágbára. Kó wọ̀ ọ́ gbó.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfẹ́. Ẹrù yín dé. Ṣòkòtò bá a mu. Ṣẹ́ẹ̀tì náà jókòó sí èjìká ẹ̀ bíi pé ara ẹ̀ lẹ ti rán an. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ò pàdé ihò ẹ̀ láyà. A fà á títí, ọ̀kan já, ó sì ta lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Màmá, obìnrin ni Awakọ̀.

Mo ti kọ ọ́. Ẹ lè tún un kà tí ẹ bá fẹ́, kò ní yí padà. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ tàn yín. Ọjọ́ tí mo ń wọ̀n ọ́n, ìgbà tí mo fẹ́ gbé tépù lọ sí àyà, ojú tì mí, ojú ti òun náà, a bú sẹ́rìn-ín, mo sì ká tépù nílẹ̀. Ibi tí ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ sínú lẹ́tà. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹ máa ka ọkùnrin jáde látinú èjìká. Ọmọ télọ̀ nìkan ló lè purọ́ fún ìyá ẹ̀ báyìí láìmọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí: Mẹkáníìkì ńkọ́? Òtítọ́ ni Mẹkáníìkì. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń tún ṣe, mi ò ní lè gé aṣọ gún mọ́. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Nígbà tí ti Awakọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo ní ìdánìkanwà ni. Mo ní òtútù ni. Mo ní ṣebí mo fẹ́ràn ọkùnrin, kò lè jẹ́ èmi. Mo wá rántí ọmọbìnrin tó máa ń wá rán aṣọ ilé ìwé lọ́dọ̀ yín, èyí tí ehín iwájú ẹ̀ là. Ṣé ẹ rántí pé èmi ni mo máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ mú etí aṣọ ẹ̀? Màmá, àyà mi máa ń lù kìkì. Ìgbà yẹn náà ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ kọ orúkọ Mẹkáníìkì sábẹ́ tábìlì. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀.

Ó ń bí mi nínú. Ọmọkùnrin kan wà tó ń ta káàdì fóònù ní kọ́nà wa, bó bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ṣì máa ń mọ̀ ọ́n lára. Mo máa ń délé, màá jókòó, màá máa bi ara mi pé èwo gan-an ni mí? Mi ò tíì rí ìdáhùn kan ṣoṣo. Méjèèjì ló ń dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Ẹ bínú tí ẹ bá máa bínú, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi dé, torí mo bi Àǹtí, ó ní òun rí i lọ́wọ́ yín. Mo pè yín, ẹ ní ẹ̀ ń gé aṣọ lọ́wọ́. Mo tún pè, ẹ ní oníbàárà wà níwájú yín. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọṣẹ́ yín ló gbé e, ó ní ẹ ti jáde, mo sì ń gbọ́ tí ẹ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ bú mi! Ìyẹn sàn ju èyí lọ. Ìgbà tí mo fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ìyàwó tí ẹ rán tán, ẹ bú mi títí ilẹ̀ fi ṣú, lẹ́yìn náà ẹ bu oúnjẹ fún mi. Kí ló dé tí ti ọ̀tẹ̀ yìí kò fi yẹ fún èébú?

Ibí pàápàá ò rọgbọ. Awakọ̀ ní lọ́jọ́ kan ṣá, màá rí ọkùnrin kan, màá sì bá a lọ. Ó ní àwa tí ọkàn wa ń lọ síbi méjì, ẹsẹ̀ wa kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo ní ta ló sọ fún un bẹ́ẹ̀? Ó ní ojú òun ti rí i rí. Inú bí mi débi pé mo ju igun aṣọ tí à ń ká sílẹ̀, ó balẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí, ọ̀gá wa sì ní kí n dá a tún fọ̀. Lọ́dọ̀ yín, obìnrin tí mo fẹ́ràn ni ẹ ò fẹ́ gbọ́. Lọ́dọ̀ ẹ̀, ọkùnrin tí mo fẹ́ràn rí ni kò fẹ́ gbọ́. Ta ni mo fẹ́ wá sọ ọ́ fún?

Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kìíní, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Àwọn lẹ́tà rẹ dé. Mi ò mọ ohun tí mo máa kọ ni mi ò ṣe kọ. Aṣọ oníbàárà tí mo ti gé bà jẹ́ látìgbà náà, èmi àti Ọlọ́run la mọ iye ẹ̀.

Èmi ni mo nu ojú rẹ nígbà ti Mẹkáníìkì. Èmi yìí ni. Ẹni tó sunkún ọkùnrin báyẹn, ṣé ẹni tó ń fẹ́ obìnrin nìyẹn? Tí o bá sọ fún mi pé o ò fẹ́ ọkùnrin láyé rẹ, ó máa dùn mí, ṣùgbọ́n màá mọ ibi tí mo máa gbé ẹkún mi kà. O ní o lè fẹ́ ọkùnrin. Nígbà tí o lè fẹ́ ọkùnrin, kí ló dé tí o ò fẹ́ ọkùnrin? Ohun tó ń gbé mi ní oorun lọ nìyẹn. Ọ̀nà méjì wà níwájú rẹ, o rí èyí tó tẹ́jú, o wá bọ́ sínú igbó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà. Bàbá rẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè fọ́tò. Nígbà wo ni ọkùnrin náà ń bọ̀ wá kí wa? Irú mọ́tò wo ló ń wà? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń da omi gbígbóná lọ́wọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, mo bá ní ó kú.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé màá sọ ọ́. Ó ní kí ló pa á? Mo ní mọ́tò. Ó ní mọ́tò ta ni? Mo ní tiẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì rọra jókòó. Ọmọ mi, bàbá rẹ sunkún. Mi ò rò pé ó máa sunkún fún ẹni tí kò rí rí.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹyin lohùn. Má bínú. Wò ó, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọ̀nà àbáyọ fún gbogbo wa. Bí bàbá rẹ bá kọ̀wé sí ọ, kí o sunkún díẹ̀ nínú èsì rẹ. Tó bá yá, á tán lára ẹ̀. Mẹkáníìkì ṣì ń béèrè rẹ, kò sì tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú ìrọ́jú. O kú ìrọ́jú gan-an ni. O mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo máa ń kọ̀wé nílé wa. Pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí pákó ni mo fi ń kọ èyí, má wo bó ṣe nípọn.

Ìyá rẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún ọmọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí nílẹ̀ tó jìnnà. Bó o bá wà nítòsí, màá kàn jókòó tì ọ́ ni. Nígbà tí mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n dá ayùn dúró. Àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Má jẹ́ kí ebi pa ọ́. Má dá nìkan jókòó.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Sọ ibi tí ìyá ọmọ náà ń gbé fún mi. Mo fẹ́ kọ̀wé bá a kẹ́dùn. Obìnrin tó sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nù, kò yẹ kí àwa tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ bá tan dákẹ́ bíi pé a ò gbọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí mi. Mo ti ka lẹ́tà yín títí pẹ́ńsù ẹ̀ fi ń yọ́ sí mi lọ́wọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí ìyá ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ kò kú. Ó wà níbí, ìdí tábìlì kan náà tí mo ti ń kọ̀wé ló wà, ó ń gé èékánná. Obìnrin ni. Màmá rò pé ọkùnrin ni nítorí bí mo ṣe kọ ìwọ̀n aṣọ ẹ̀ sí wọn. Ìgbà tí mo wá sọ òtítọ́ fún wọn, wọn ò mọ ẹnu tí wọ́n máa fi sọ ọ́ fún yín. Ẹ má bínú sí wọn nìkan. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sọ fún yín.

Mo fún Awakọ̀ ní lẹ́tà yín kà. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ti ní kí n má wo bí pẹ́ńsù ṣe nípọn. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti béèrè ìyá ẹ̀, ẹ̀rín tán. Ìyá ẹ̀ ń bẹ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, àwọn méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láràárọ̀. Ó wá bi mí pé, “Ṣé kí n máa bá ikú mi lọ ni?”

Ẹ wò ó, Bàbá, mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Màá sunkún díẹ̀ bí Màmá ṣe ní kí n ṣe, ẹ máa rẹ̀ mí lẹ́kún, tó bá yá, màá fẹ́ ọkùnrin. Kò sì ní jẹ́ irọ́! Mo lè fẹ́ràn ọkùnrin tọkàntọkàn, mo fẹ́ràn Mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé pé nǹkan kan sonù. Irọ́ yẹn bá mi mu ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n Awakọ̀ ni mo fẹ́ràn báyìí. Ó ti sú mi kí n máa sọ ìdajì ara mi fún ẹnì kan, kí n máa kó ìdajì tó kù pa mọ́ fún un.

Ẹ má fi mí bú Màmá. Tí ẹ ò bá fẹ́ dá mi lóhùn, màá mọ̀ pé ẹ ti kà á.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Inú ń bí mi, màá kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun. Ìgbà tí ìyá mi kú ni mo sunkún kẹ́yìn. Ẹ wá jẹ́ kí n sunkún ẹni tó ń gé èékánná. Mo bi ìyá rẹ léèrè, ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ bà mí lọ́kàn jẹ́ ni. Mo ní kí ló wá rò pé òkú máa ṣe fún ọkàn mi? Látọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ohun tí o kọ nípa ọkùnrin àti obìnrin, kò yé mi. Mo rọra kà á, mo tún un kà, kò yé mi, mi ò sì ní parọ́ fún ọ pé ó dùn mọ́ mi. Mo ronú ohun tí mi ò bá ṣe ká ní iwájú mi lo ti sọ ọ́, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ síbẹ̀ pé o lè fi irọ́ náà bora, kí n má sì mọ̀ láé. Òótọ́ ni. Mi ò bá má mọ̀. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti dá ìwé dúró, tí mo sì jáde lọ síta.

Látìgbà tí mo ti sọ pé ọmọ náà kú, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú mi. Bí mo bá fẹ́ gbé pákó, ẹnì kan á sáré wá gba ibi tó wúwo lọ́wọ́ mi, torí mò ń ṣọ̀fọ̀. Mi ò lè gbà á mọ́. Lánàá, mo ní kí wọ́n dá ayùn dúró. Mo ní awakọ̀ yẹn kò kú, àṣìsọ ni. Wọ́n hó yèè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, “Ẹ wo Ọlọ́run! Ọkùnrin náà mà yè é!”

Mo ní kì í ṣe ọkùnrin.

Wọ́n ní, “Kí lẹ wí, Ọ̀gá?”

Mo ní obìnrin ni, òun àti ọmọ mi ló ń fẹ́ra, kí oníkálùkù padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n padà. Kò sẹ́ni tó bá mi gbé pákó mọ́ látàná. Ẹnì kan ò tiẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lónìí, ó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá, ṣùgbọ́n wọ́n rí i níbòmíràn.

Nítorí náà, má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, má sì sọ fún Awakọ̀ pé mo ti gbà. Kọ̀wé sí ìyá rẹ, òun náà ń dúró dè é, bó ti wù kó máa tẹ máṣíìnì tó. Mi ò tíì ní kí ẹ máa bọ̀ o. Ohun tí mo sọ ni pé kò kú.

Bàbá rẹ